Ìdọ̀bálẹ̀ Ìyìnfolúwa

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí ọkàn Bọ́ládé wà, kó má wulẹ̀ wá a sí àyà. Inú fóònù ló ń gbé. Fóònù náà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbé e wọ kíláàsì tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Barnersville, ní Monrovia ti Làìbéríà, ó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń gbé e wọ balùwẹ̀, níbi tó ti ń fi í lé ojú fèrèsé kí omi má baà ta sí i. Ohun kan ṣoṣo ló ń wò níbẹ̀: iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ Ìyìnfolúwa, pẹ̀lú ọfà kékeré kan tó ń sọ bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀. Ìyìn ti di gìrìpá ọkùnrin, ó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Broad Street, ó ga débi pé ó ń tẹrí ba kó tó wọ ilé ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, kò lè jẹ búrẹ́dì ní ìkọ̀kọ̀. Kó tó nu ẹnu tán, ìyá rẹ̀ ti pè.

Ẹ má bá a wí. Ohun tí ojú Bọ́ládé rí kì í ṣe kékeré. Láti kékeré ni inú ti ń run ọmọ yìí, ìrora tó ń jẹ́ kó ká gúlútú sórí ibùsùn. Wọ́n lo oògùn aràn, wọ́n lo oògùn ọgbẹ́ inú, wọ́n gbàdúrà títí, àfi ìgbà tí wọ́n gbé e dé Íńdíà tí àwọn dókítà sọ pé òkúta wẹ́wẹ́ ló kún páńkíríà rẹ̀, ẹ̀yà ara tó sá pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, tó ń ṣe ínsúlíìnì tí ara fi ń lo ṣúgà. Wọ́n ní kì í ṣe àrùn ìran, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Wọ́n yọ ọ́ pátápátá. Ìrora lọ. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ara Ìyìn kò ní ẹ̀kán ínsúlíìnì kan tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rọ ló wá gba iṣẹ́ náà ṣe. Kò tóbi ju fóònù onítọ́ọ̀ṣì lọ, ìbàdí ṣòkòtò ni Ìyìn ń fi há. Róbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde lára rẹ̀ lọ sínú awọ ara, pílásítà sì dì í mú. Ohun róbótó kan bíi bọ́tìnnì wà ní apá rẹ̀, òun ló ń ka ṣúgà, tó ń sọ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ a sì máa fún ara ní ínsúlíìnì díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán tòru. Bí ṣúgà bá ń gòkè, á fún un sí i. Bí ó bá ń sọ̀, á dáwọ́ dúró. Ọgbọ́n ẹ̀rọ náà ya Bọ́ládé lẹ́nu. Ṣùgbọ́n dókítà tó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa lò ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó dì mọ́ ọn nínú títí dòní. Ó ní, “Màmá, ẹ̀rọ yìí mọ ohun tó fi ránṣẹ́. Kò mọ ohun tó dé.” Ó ní bí ínsúlíìnì bá fi lè dáwọ́ dúró lára ọmọ yìí fún wákàtí mélòó kan péré, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kan bí ògì, èébì á tẹ̀lé e, ohun tó sì tẹ̀lé èébì, dókítà kò pè é lórúkọ.

Ẹ wá wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó fẹ́ gbé ìyàwó.

Dámilọ́lá lorúkọ ọmọbìnrin náà, ọmọ Ẹ̀njíníà Adégbénró tó ń gbé ní Caldwell. Ìyìn kò fi ohunkóhun pamọ́ fún un. Ó ti fi ẹ̀rọ hàn án tipẹ́, ọmọ náà sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ róbà, bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń fún un ní omi ọsàn bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú. Bọ́ládé ló bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n má sọ fún bàbá ọmọ. “Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbà ná,” lọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, ẹ mọ̀ pé bó bá rí ekòló, á sá. Ọmọbìnrin kan ti wà rí ní Barnersville níbí. Ìdílé ọmọ náà gbọ́ pé wọ́n ń gbé ẹ̀rọ mọ́ Ìyìn lára, kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ránṣẹ́ pé Ọlọ́run sọ fún àwọn pé kì í ṣe ọkọ ọmọ àwọn. Ọlọ́run yìí náà, gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn la máa ń dì rù ú.

Wàhálà kejì tún wà. Adégbénró ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Monrovia, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ẹ ó rò pé àná ló kúrò ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Àwa tí a jìnnà sílé la máa ń le mọ́ àṣà ju àwọn tó jókòó tì í lọ. Ní Monrovia, bí ènìyàn méjì bá bọ ara wọn lọ́wọ́, bí ọwọ́ bá ti ń já, wọ́n á fi ìka àárín ta ìka àárín, á dún pá. Bí kò bá dún, ìkíni ò tíì parí. Ìyìn, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló dàgbà sí, bá Adégbénró pàdé nígbà àkọ́kọ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, inú rẹ̀ dùn, ló bá na ọwọ́ sí bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Adégbénró wo ọwọ́ náà bí ẹni tí wọ́n na ẹja tó ti jẹrà sí. Kò gbà á. Nígbà tó délé, ó ní, “Dámilọ́lá, ta ni ọmọ kékeré tó na ọwọ́ sí mi bí ẹgbẹ́ ẹ̀ yẹn? Bó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, kó wá dọ̀bálẹ̀ nílé mi. Àyà ni kó fi kan ilẹ̀. Mi ò fẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń mú owó tó já bọ́.”

Bọ́ládé bá gba ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀kọ́. Lójoojúmọ́ tí Ìyìn bá ti ibi iṣẹ́ dé, á tẹ́ ẹní sí pálọ̀, òun á jókòó sórí àga, á ki tìmùtìmù bọ abẹ́ bùbá kí ikùn rẹ̀ lè yọ bíi ti Adégbénró, á wá máa fi ohùn wúwo pàṣẹ. “Àyà kan ilẹ̀! Mo ní àyà kan ilẹ̀! Ta ló ní kó o dìde? O ò gbọdọ̀ dìde títí wọ́n á fi ní kó o dìde!” Ìyìn á máa rẹ́rìn-ín lórí ẹní, ìyá rẹ̀ náà á máa rín tirẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ìbàdí ni róbà ẹ̀rọ wà, nítorí náà kò sí ohun tó ṣe é.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ lọ ni ìgbà pé láti pààrọ̀ róbà náà. Ojú ibi tí wọ́n ti yọ tàtijọ́ pọ́n díẹ̀, ó sì ń yún un. Bọ́ládé wò ó, ó wo ṣòkòtò tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ̀, ó rò ó pé okùn ṣòkòtò á máa ha ibẹ̀. “Jẹ́ n fi í sí ikùn lónìí,” ló wí, “ibẹ̀ rọ̀, bùbá á sì bò ó.” Ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ ìdodo, ó fi pílásítà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Wọ́n pa ohùn ẹ̀rọ kó má lè ké mọ́ láàárín àwọn àna, kó kàn máa gbọ̀n. Àpò dúdú tí abẹ́rẹ́ àti róbà mìíràn wà nínú rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀yìn mọ́tò ni kó wà, Ìyìn sì fi tó Dámilọ́lá létí. Ìyá rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, àmọ́ kò rántí pé ikùn tó fi róbà sí yẹn ni ikùn tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi lélẹ̀.

Bádé, àbúrò ọkọ rẹ̀ olóògbé, ló wa mọ́tò. Òun ló máa dúró bíi bàbá ọmọ. Aláwàdà ni Bádé, òjò Monrovia tó ń rọ̀ kò pa á lẹ́nu mọ́. “Ìyàwó wa, cool down jàre,” ló ń wí bí wọ́n ṣe ń lọ. “The body fine, the boy fine. Ṣebí ìdọ̀bálẹ̀ ni? Èmi náà dọ̀bálẹ̀ nígbà tèmi, wọ́n ṣì gbé e fún mi, with all my big head.”

“Ọkọ mi, ẹ wojú ọ̀nà,” ni Bọ́ládé dá a lóhùn. Fóònù wà lórí itan rẹ̀. Ṣúgà kò ju ọgọ́fà lọ, ọfà sì dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́kàn rẹ̀.

Ilé Adégbénró kò jìnnà sí odò Saint Paul. Pálọ̀ rẹ̀ tóbi, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ táìlì tó tutù. Adégbénró jókòó láàárín, ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Àgbà wà lápá ọ̀tún. Dámilọ́lá ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyìn wọlé, ó rìn dé àárín pálọ̀, ó sì wólẹ̀ gbalaja. Àyà kan ilẹ̀, ikùn kan ilẹ̀, iwájú orí kan ilẹ̀. Orí Bọ́ládé wú.

Adégbénró kò ní kó dìde. Ó kọ́kọ́ bi Bádé pé báwo ni ọ̀nà. Ó sọ̀rọ̀ òjò. Ó sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí òun náà lọ dọ̀bálẹ̀ nílé bàbá ìyàwó òun, tí wọ́n fi òun sílẹ̀ lórí amọ̀ títí kòkòrò fi ń rìn lọ́rùn òun. Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín, Bádé bá wọn rín. Ìyìn wà nílẹ̀. Nígbà tó ṣe, Adégbénró ní, “Dìde, kí o kí ìyá rẹ.” Ìyìn dìde, ó tún wólẹ̀ fún ìyá Dámilọ́lá. Wọ́n ní kó dìde, ó tún wólẹ̀ fún Bàbá Àgbà. Bọ́ládé rí i tó fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tó dìde tán, ó rò pé ó ń tún bùbá rẹ̀ ṣe ni.

“Báyìí la ṣe ń ṣe é,” ni Adégbénró wí, ojú rẹ̀ sì tú ká díẹ̀. “Ẹ kọ́ ọmọ, Ìyá Ìyìn.”

Lẹ́yìn èyí ni Bàbá Àgbà béèrè ohun tí Bọ́ládé ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ìpàdé yìí. Ó béèrè rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àgbà ṣe ń béèrè. Ó ní ṣé kò sí àìlera kankan lára ọmọ, tàbí nínú ẹbí, tí àwọn ní láti mọ̀?

Ìyìn wo ìyá rẹ̀. Bádé wo ilẹ̀. Bọ́ládé ní, “Kò sí o, sà. Ara ọmọ mi le koko.”

Ọ̀rọ̀ náà jáde wọ́rọ́wọ́, ó rọrùn ju bó ṣe rò lọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tirẹ̀ yìí, òtítọ́ ti wà nídìí ẹ̀ kí ó tó jáde lẹ́nu rẹ̀, inú bùbá ọmọ rẹ̀ ló wà tó ń kán.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ bí àwọn ará Làìbéríà ṣe ń sè é, epo rẹ̀ ń dán, adìyẹ àti ẹja wà nínú ẹ̀. Ìyá Dámilọ́lá bu ti Ìyìn fúnra rẹ̀, ó bù ú bí ẹni tó ń bù fún agbẹ̀ tó ti oko dé. Ta ni yóò kọ oúnjẹ ìyá ìyàwó? Ìyìn ki ọwọ́ bọ abẹ́ bùbá, ó tẹ ẹ̀rọ láti sọ fún un pé òun fẹ́ jẹun, ó sì jẹ ẹ́ tán. Bọ́ládé wo fóònù. Ó ti di ọgọ́sàn-án, ọfà sì ti gbé orí sókè. Ìrẹsì ni, ló sọ fún ara rẹ̀. Nígbà tó tún wò ó, ó ti lé ní igba.

“Mọ́mì, rice yẹn ni,” ni Ìyìn rọra wí nígbà tó rí ojú ìyá rẹ̀. “It will come down.”

Ṣùgbọ́n kò sọ̀kalẹ̀. Ìyìn gba omi mu. Kò pẹ́, ó tún tọrọ omi. Ó ní kí wọ́n dákun jẹ́ kí òun dé ilé ìtọ̀. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún mu omi, ó tún dìde. Bàbá Àgbà fi ṣe àwàdà pé bóyá ẹ̀rù àna ló ń ba ọkọ ìyàwó. Gbogbo wọ́n rẹ́rìn-ín. Bọ́ládé kò bá wọn rín. Ó tún yọ fóònù.

“Ìyá Ìyìn,” ni Adégbénró pè é, “ẹ forí jì mí o. Ṣé ọjà lẹ ń tà lórí fóònù yẹn ni? Láti ìgbà tí ẹ ti dé lẹ ti ń wò ó. Nínú ilé yìí, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ, ojú ara wa la máa ń wò.”

Ojú tì í. “Ẹ má bínú, sà,” ló wí, ó sì ki fóònù bọ àpò ọwọ́ rẹ̀. Ó wá dà bí ìgbà tí wọ́n pa iná yàrá. Kò mọ ibi tí ṣúgà wà mọ́. Ó gbọ́ tí ẹ̀rọ ń gbọ̀n lára ọmọ rẹ̀, gìrì, gìrì, bó ti máa ń ṣe bí ṣúgà bá ga jù, ó dúró, ó tún gbọ̀n. Bádé gbọ́ ọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. Bọ́ládé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò tó máa ń kọ́ àwọn ọmọ: bí ẹ̀rọ bá ń fúnni ní ínsúlíìnì, tí ṣúgà kò sì sọ̀, kí ló ṣẹ̀? Ó ṣe ìṣirò náà, kò já sí ibì kankan. Ìwọ̀nba tí òun mọ̀ ni pé ẹ̀rọ kò tíì sọ pé ọ̀nà dí. Bí ọ̀nà bá dí, ṣebí á sọ?

Adégbénró dìde dúró. Ó fa bùbá rẹ̀ wálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ wá. “Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí lónìí,” ló wí. “Mi ò ní purọ́, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ọmọ yìí, inú mi ò dùn sí i…”

Ìyìn ti gbé orí lé ẹ̀yìn àga. Ètè rẹ̀ gbẹ. Ó ń mí kíkankíkan bí ẹni tó gun òkè. Bọ́ládé na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì tẹ̀ sún mọ́ ọn. Òórùn kan sì gbà á nímú. Kì í ṣe òórùn ọbẹ̀, kì í ṣe lọ́fínńdà. Òórùn ilé ìwòsàn ni, òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù. Ó mọ òórùn náà. Gbogbo ìgbà tí òun bá ń rọ ínsúlíìnì sínú ẹ̀rọ, tí ẹ̀kán kan bá dà sí òun lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rùn.

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ikùn. Ilẹ̀. Táìlì. Róbà ti tẹ̀, ó ti yọ kúrò nínú awọ. Kò dí, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kò fi sọ pé ọ̀nà dí. Gbogbo ínsúlíìnì tó ń fi ránṣẹ́ ń dà sára aṣọ, láti ìgbà tí Adégbénró ti ń sọ ìtàn kòkòrò. Ọwọ́ òun Bọ́ládé ló fi í síbẹ̀. Ohùn òun ló ní kó má dìde.

“…ṣùgbọ́n ọmọ tó bá lè wólẹ̀ tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ọ̀rọ̀ àgbà,” ni Adégbénró ń bá a lọ, “irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí mo bá fún un lọ́mọ…”

Ó ti dé ẹnu rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìyá yìí. Gbólóhùn kan péré ló kù kí bàbá ọmọ sọ bẹ́ẹ̀ ni, lójú ẹlẹ́rìí, kò sì ní lè kó o jẹ mọ́. Bó bá dákẹ́ díẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti níyàwó. Kí ni díẹ̀? Ọkàn kan sọ fún un pé kó dákẹ́. Ó tún wo Ìyìn, ó rí i tí ọmọ náà ń gbé itọ́ mì bí ẹni tí èébì ń gbé.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bọ́ládé kúnlẹ̀ gbì. “Ẹ dúró, sà! Ẹ má tíì sọ ọ́. Mo purọ́ fún yín.”

Ó ti ṣí bùbá ọmọ rẹ̀ sókè lójú gbogbo wọn. Ẹ̀rọ wà ní ìbàdí tó ń gbọ̀n, pílásítà ti ká, aṣọ abẹ́ rẹ̀ tutù, òórùn náà sì gba pálọ̀. “Ara rẹ̀ kò le. Wọ́n ti yọ páńkíríà rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ló ń mú un wà láàyè, ẹ̀rọ yìí sì ti já látìgbà tó ti dọ̀bálẹ̀. Ẹ gbà mí, àpò…”

“Mo ti mú un wá, Mọ́mì!” Dámilọ́lá ni. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó sáré jáde sínú òjò lọ sídìí mọ́tò tí Bádé kò tì. Àpò dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ti yọ abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tó rí bíi pẹ́ẹ̀nì jáde, ó ka iye tó yẹ, ó fi han Ìyìn, Ìyìn mi orí, ó sì gún un ní itan. Bọ́ládé fi róbà tuntun sí ẹ̀yìn ìbàdí. Ó fi pílásítà kan ṣòfò kí èkejì tó lẹ̀. Bádé pe dókítà, ó gbé fóònù sí etí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dókítà ní kó máa mu omi. Ó ní bó bá bì, tàbí bí ọfà náà kò bá yí padà, kí wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn kíá. Bádé kò ṣe àwàdà kankan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́.

Ó wá ku ìdúró. Abẹ́rẹ́ kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ń gba sùúrù. Fóònù wà lórí tábìlì báyìí, lójú gbogbo ayé. Ó ti kọjá ọ̀ọ́dúnrún, ọfà dúró ṣánṣán bí òpó.

Adégbénró kò tíì jókòó. Ó wo ọmọ rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀. “O mọ̀,” ló wí.

“Mo mọ̀, Daddy.”

Ó yíjú sí Bọ́ládé. “Ẹ wọ ilé mi, ẹ purọ́ fún mi.”

“Mo purọ́, sà.”

“Bó bá kú sórí àga mi ńkọ́? Ẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi pa ọmọ ọlọ́mọ?” Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló wà nídìí ìbínú náà, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ ọ. Bọ́ládé rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin Barnersville ọjọ́sí ti tún dé, pé òun ti fi ọwọ́ òun tì í wọlé. Kò tilẹ̀ dùn ún tó bó ṣe yẹ. Ọfà tó wà lórí fóònù ni gbogbo ẹ̀rù rẹ̀ so mọ́.

Adégbénró fa àga kan, ó jókòó síwájú Ìyìn, orúnkún kan orúnkún. “Ìgbà wo ló já?”

“Nígbà tí mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, sà. Mo rò bẹ́ẹ̀.”

“Ó dùn ọ́?”

“Ó ta mí díẹ̀, sà.”

“Mo sì ń sọ ìtàn.” Adégbénró fi ọwọ́ nu ojú. “Kí ló dé tí o ò dìde?”

Ìyìn wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé. “Ẹ ò tíì ní kí n dìde, sà.”

Ìyá Dámilọ́lá bú sẹ́kún. Adégbénró mú ife omi lórí tábìlì, ó bu omi kún un, ó gbé e fún Ìyìn fúnra rẹ̀, ó sì ń wò ó títí ó fi mu ún tán. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin tí kì í fẹ́ kí wọ́n wo fóònù tẹjú mọ́ fóònù. Gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà bá yí padà, á béèrè, “Ìyẹn ńkọ́? Ṣé ó dáa?” Dámilọ́lá á ní, “Not yet, Daddy.” Ó tún gòkè sí i. Bádé ti ṣí ilẹ̀kùn. Ó wá dúró sójú kan, kò gòkè, kò sọ̀. Bọ́ládé ń gbàdúrà tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú.

Nígbà tí òjò ń dá, ọfà náà tẹ̀ díẹ̀. Dámilọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó tún tẹ̀ sí i, ó dojú kọ ilẹ̀. Mímí Ìyìn ti rọlẹ̀, ó ní ebi ń pa òun, Bàbá Àgbà sì ní “Háà!” pẹ̀lú ohùn rara bí ẹni tí bọ́ọ̀lù wọlé fún. Wọ́n dúró títí ṣúgà fi padà sí ìsàlẹ̀ igba, títí dókítà fi ní ó tó, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ.

Ó wá di ìgbà tí wọ́n máa lọ. Kò sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ ìyàwó sílẹ̀. Bọ́ládé kó àpò rẹ̀ mọ́ra. Ó ti ń ro ohun tó máa sọ fún ọmọ rẹ̀ nínú mọ́tò, kò sì rí nǹkan kan. Ìyìn rìn dé iwájú Adégbénró, ó dúró, ó sì tẹ orúnkún láti wólẹ̀ dágbére bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

“Dúró!” ni Adégbénró pariwo. Ó gbá a mú ní èjìká. “Má dọ̀bálẹ̀. Mo ní má dọ̀bálẹ̀. Bí ẹ bá padà wá fún ìdána, mi ò fẹ́ rí ikùn yẹn nílẹ̀ ilé mi.”

Bọ́ládé gbọ́ ìdána, etí rẹ̀ kò dá a lójú.

Adégbénró na ọwọ́. Ìyìn wo ọwọ́ náà, ó wo Dámilọ́lá, ó sì bọ̀ ọ́. Ọwọ́ ń já lọ, ìka àárín pàdé ìka àárín, kò dún. Ọgbọ̀n ọdún ní Monrovia, ọkùnrin náà kò kọ́ ọ rí.

“Ẹ jẹ́ kí ìka yẹn yọ̀ díẹ̀, sà,” ni Ìyìn wí. “Ẹ má dì í mú.”

“Báyìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó yá.”

Wọ́n tún un ṣe. Ó dún pá.

Nínú mọ́tò, Bádé ti tún bẹ̀rẹ̀ àwàdà rẹ̀, Ìyìn sì ti ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóònù wà nínú àpò ọwọ́ Bọ́ládé. Wọ́n ti dé títì ńlá kó tó rántí pé òun kò tíì wò ó.